Kí Ni Ẹ̀tọ́ Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé?

Níbi tí ìlà bá wà, ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé kì í le. Nílé epo, ní báńkì, nídìí ẹ̀rọ omi, ẹni tó wà níwájú ni yóò kọ́kọ́ gbà, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé yóò gbọ́ èébú. Ìlà náà ni adájọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa ń le ni ìgbà tí kò bá sí ìlà, tí ohun tí à ń wá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí kò sì lè tó ẹni méjì. Kí ni ẹni tó kọ́kọ́ dé ní nígbà náà tí ẹni kejì kò ní? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ìbéèrè yìí, ibi tí mo sì ti rí i kedere jù lọ ni àárín àwọn ọdẹ tòlótòló ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ọdẹ tí mò ń sọ. Tòlótòló tí à ń sìn nílé de Kérésìmesì, inú igbó ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá, àwọn ìbátan rẹ̀ tí ènìyàn kò sìn rí sì ṣì wà nínú igbó náà títí dòní. Ojú wọn mú, etí wọn sì mú. Orí igi ni wọ́n ń sùn lálẹ́. Ní ìgbà ìrúwé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, akọ á máa ké láti orí igi kí àwọn abo lè mọ ibi tó wà. Ọdẹ á ti dé ìdí igi kan nítòsí nínú òkùnkùn. Aṣọ ọrùn rẹ̀ jọ ewé àti èèpo igi, ó ti fi nǹkan bo ojú, ó fẹ̀yìn ti igi, kò sì gbọdọ̀ mira. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ohùn abo tan akọ yẹn wá. Àwọn kan ń lo àpótí onígi kékeré tí wọ́n ń fi ọmọrí rẹ̀ ha á lẹ́nu, àwọn kan ń lo síléètì àti igi, àwọn mìíràn sì ń fi rọ́bà tín-ín-rín há àjà ẹnu. Iṣẹ́ náà le nítorí pé òdìkejì ìṣe ẹyẹ náà ni. Akọ ló ń ké, abo ló ń tọ̀ ọ́ lọ. Ọdẹ wá fẹ́ kí akọ máa tọ abo bọ̀. Ó lè gba wákàtí kan, ó lè gba mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ bá sì ṣẹ́ igi gbígbẹ kan ṣoṣo, ó lè bà jẹ́.

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tirẹ̀, tàbí tó mọ àgbẹ̀ tó lè fún un láyè, kò ní wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdẹ ni kò nílẹ̀. Ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n ń lọ, irú èyí tí àwa ń pè ní igbó ọba. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ìpínlẹ̀ Missouri, Mark Twain National Forest ni wọ́n ń pè é, ó sì tó nǹkan bí éékà 1,500,000. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ ìpínlẹ̀ náà lè wọ ibẹ̀ lọ dọdẹ, ì báà jẹ́ ọmọ Missouri, ì báà ti òpin ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Ẹ má jẹ́ kí bí igbó náà ti tóbi tó tàn yín jẹ. Ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà wọ inú rẹ̀ kò pọ̀, ẹyẹ tó ń ké kò sì sí níbi gbogbo. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí igbó, ènìyàn mẹ́rin lè máa gbọ́ ohùn akọ kan ṣoṣo.

Ìjọba ti ṣòfin iye ẹyẹ tí ènìyàn lè pa, aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣíwọ́, àti irú ìbọn tí wọ́n lè lò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọdẹ ní òfin mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Bí o bá dé géètì tí o bá mọ́tò ẹlòmíràn níbẹ̀, máa lọ síbòmíràn. Bí o bá gbọ́ pé ẹnì kan ti ń bá akọ kan sọ̀rọ̀, má ṣe dá sí i, má sì ṣe lọ jókòó sí àárín òun àti ẹyẹ náà. Bí o bá ṣèèṣì já lù ú, rọra padà sẹ́yìn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ti mọ́tò ẹnu géètì yìí, ààlè ló wá sí mi lọ́kàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí àgbẹ̀ bá so àkísà tàbí ṣùkù àgbàdo mọ́ igi ìdáná tó ṣẹ́ jọ sẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ọmọlúàbí tí yóò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ìyàtọ̀ náà ló sì fa àròkọ yìí. Ohun tí ààlè ń sọ ni pé nǹkan yìí ní olówó. Mọ́tò ẹnu géètì ilẹ̀ ìjọba kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò ní igbó, kò ní igi, kò sì tíì ní ẹyẹ. Gbogbo ohun tó lè sọ kò ju pé ẹnì kan wà nínú ibẹ̀ lọ.

Mo gbé ní gúúsù Missouri fún ọdún mélòó kan. Ọkùnrin àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́ ọdẹ, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún mi lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó ti lọ sínú igbó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró títí ó fi gbọ́ tí akọ kan fò gun igi. Láago mẹ́ta ààbọ̀ òru, ó ti padà dé géètì. Ó rìn wọlé láìtan iná, ó jókòó sí ibi tó ti yàn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, mọ́tò kejì dé. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ rí mọ́tò àkọ́kọ́, ó pa iná tirẹ̀, ó gba etí odò yọ síwájú, ó sì lọ jókòó sí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí igi tí ẹyẹ wà. Ilẹ̀ mọ́. Akọ ké. Ọkùnrin tí mò ń sọ rọra dá a lóhùn, ẹyẹ náà sì fèsì. Lẹ́yìn náà ni ohùn abo mìíràn, tó le ju tirẹ̀ lọ, dún láti iwájú. Ó kọ́kọ́ rò pé abo gidi ni. Ìgbà tó rí i tí fìlà mira ló tó mọ̀ pé ènìyàn ni, ó sì fi ohùn ènìyàn kígbe pé ọdẹ wà níbẹ̀. Ẹni iwájú kò fèsì. Kò pẹ́ tí ìbọn fi dún, ó sì gbé ẹyẹ lọ. Nígbà tí wọ́n pàdé nídìí mọ́tò, ọ̀rọ̀ kan péré ni ọkùnrin náà sọ: ilẹ̀ ìjọba ni, ẹ̀tọ́ òun ni.

Ohun tó ń dun ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ẹyẹ nìkan. Ó ní òun kò rí èsì fún un. Ó wò mí, ó sì bi mí pé, “Kí ló gbà lọ́wọ́ mi gan-an?”

Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, mo mọ ẹni tí yóò jàre. Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Amẹ́ríkà ń kà, Pierson àti Post ló ṣe é, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ New York sì dá a lọ́dún 1805. Post àti àwọn ajá ọdẹ rẹ̀ ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan lórí ilẹ̀ etíkun tí kò ní olówó. Pierson rí i pé wọ́n ń lé e, ó sì pa á lójú wọn, ó gbé e lọ. Adájọ́ Tompkins ní ti Pierson ni, nítorí pé lílé lásán kò sọ ẹranko ìgbẹ́ di tèèyàn. Àfi kí ènìyàn pa á, tàbí kó kó o sí pańpẹ́, tàbí kó ṣe é léṣe débi tí kò lè sá lọ mọ́. Adájọ́ Livingston kò fara mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú ohun tó sọ ni pé kò yẹ kí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé iwájú àwọn rárá, pé àwọn ọdẹ fúnra wọn ló yẹ kó dá a, nítorí pé àwọn ló mọ àṣà iṣẹ́ wọn.

Mo gbà pé adájọ́ méjèèjì ló ní òye. Bí òfin bá sọ pé ẹni tó ń lépa ló ni í, ìjà kò ní tán nílé ẹjọ́. Olúkúlùkù yóò máa sọ pé òun ló kọ́kọ́ rí i. Òfin nílò ohun tí ojú rí: ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n pé òfin kò lè fi ọwọ́ mú nǹkan kò sọ pé nǹkan náà kò sí. Lóòótọ́, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà ló ní òfin tó de ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dí ọdẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kórìíra ọdẹ ṣíṣe ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi ṣe é, ó sì ṣòro láti fi mú ọdẹ tó ń wá ẹyẹ kan náà.

Èsì tí mo fún ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ náà kò tó nǹkan. Èyí tí ń bá fún un lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa tó ń dá èésú ni mo ti rí i. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ń dá èésú, owó tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ṣùgbọ́n oṣù yìí kan ìyá Bọ́lá. Bí ẹlòmíràn bá kó owó náà lóṣù yìí, ó lè sọ pé òun náà dá níbẹ̀, pé owó gbogbo wọn ni. Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wò ó tí kò ní mọ̀ pé ó fi nǹkan du ìyá Bọ́lá. Ohun tó kàn án ló gbà. Ohun àjùmọ̀ní kì í ní olówó kan, ṣùgbọ́n ó máa ń kan ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ́kọ́ dé géètì kò ní igbó. Ó kàn án ni, àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan, ní ibi tó jókòó sí nìkan.

“Nìkan” yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn tó kọ́kọ́ dé náà mọ ìwà ìrẹ́jẹ hù. Mo gbọ́ ti àwọn tó máa ń gbé mọ́tò sí géètì kan kí wọ́n tó gba géètì mìíràn wọlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa wọ èkíní. Àwọn mìíràn a gbé mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò wà nínú igbó fún síbẹ̀ láti àṣálẹ́, bí ẹni gbé aṣọ́komásùn sínú oko. Èyí kì í ṣe ohun tó kàn wọ́n mọ́. Wọ́n fẹ́ sọ igbó ìjọba di ogún bàbá wọn. Bí ẹni tó kẹ́yìn dé bá ní láti yà fún mi, èmi náà ní láti jẹ́ kó mọ ibi tí mo ń lọ, kó lè mọ ibi tó ṣẹ́ kù fún un. Géètì kan lè sìn lọ sí éékà ẹgbẹ̀rún kan; ẹni tó bá sọ pé òun ló ni gbogbo rẹ̀ nítorí pé ó jí ní aago mẹ́ta kò sàn ju ẹni tó gba etí odò yọ síwájú lọ.

Ọ̀rọ̀ irọ́ náà wà níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdẹ wọ̀nyí, ẹni tó bá gbọ́ ẹyẹ márùn-ún lè sọ pé òun kò gbọ́ ẹyọ kan, wọ́n á sì fi ṣe ẹ̀rín. Èmi kò bínú sí ẹni tó bá dákẹ́. Kò sí ẹni tó pọn dandan fún láti fi ibi tí olú ti hù han gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún èkejì rẹ̀ nínú òkùnkùn pé ìlà oòrùn lòun ń lọ, tó sì jẹ́ pé ìwọ̀ oòrùn ló wà, ti kọjá àwàdà. Ó ti fi ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ sínú igbó láìmọ ibi tí ẹni kejì jókòó sí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ sí ìlà ilé epo. Nínú irú ọdẹ yìí, gbogbo ohun tí ọdẹ tó mọṣẹ́ ń ṣe ni láti jọ ẹyẹ: kí ojú má rí i, kí etí gbọ́ ohùn abo láti ibi tó wà. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹlòmíràn tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn ohùn náà, ènìyàn ni ó ń yọ́ bá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ọdẹ pé kí wọ́n má wọ aṣọ pupa, funfun tàbí búlúù, nítorí pé àwọ̀ wọ̀nyí ló wà lórí akọ tòlótòló; pé kí wọ́n fẹ̀yìn ti igi tó gbòòrò ju èjìká wọn lọ; pé bí wọ́n bá rí ọdẹ mìíràn tó ń bọ̀, kí wọ́n má juwọ́ sí i, kí wọ́n fi ohùn ènìyàn kígbe. Ní báyìí, àwọn kan tún ń fi ìrù tòlótòló bo ojú, tí wọ́n ń rákò lọ bá ẹyẹ ní gbangba. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fòfin de èyí lórí ilẹ̀ ìjọba, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú nípa ọkùnrin tó gba etí odò. Ó mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun tó ní ìbọn, tí kò mọ̀ pé òun wà níwájú. Ó tún wá ń ké bí abo. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́mọdé tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ ló wà lẹ́yìn ńkọ́?

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Mo ti gbọ́ tí wọ́n fi òwe yìí dá ìjà àwọn oníṣòwò sí, pé kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ, àyè pọ̀. Lójú àwọn ọdẹ yìí, ó lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé òwe náà kò wọlé, nítorí pé igi kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àwọn ẹyẹ nígbà tí wọ́n bá ń fò lọ sùn nírọ̀lẹ́. Kì í ṣe títóbi ojú ọ̀run nìkan ni wọn kò fi kọlu ara wọn. Wọ́n ń yà fún ara wọn ni.

A tún lè béèrè pé ta ló kọ́kọ́ dé ní tòótọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940, tòlótòló inú igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run ní Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n gé igbó, wọ́n sì ń pa ẹyẹ náà fún títà láìdúró. Nǹkan bí 200,000 ni wọ́n fojú díwọ̀n pé ó ṣẹ́ kù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Missouri ti igbó pa mọ́ ọdẹ tòlótòló lọ́dún 1937. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé kí owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn ọdẹ àti ọta máa lọ sí ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti sin tòlótòló nínú ọgbà kí wọ́n sì tú wọn sínú igbó, kò ṣiṣẹ́. Àwọn ẹyẹ náà kò mọ bí a ṣe ń gbé nínú igbó. Èyí tó ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n fi àwọ̀n mú ẹyẹ igbó gidi, kí wọ́n kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti run. Nígbà tí Missouri tún ṣí igbó ní ìgbà ìrúwé ọdún 1960, ọjọ́ mẹ́ta péré ni, ẹyẹ 94 ni wọ́n sì pa. Nítorí náà, akọ tó ké láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ, àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn fún ọdún mẹ́tàlélógún ló jẹ́ kó wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yẹn sọ pé ẹ̀tọ́ òun ni, sùúrù àwọn tó ti yà kúrò lọ́nà ló ń jẹ.

Mo mọ ohun tí ọmọ ilé ìwé tó gbọ́n yóò sọ síbí yìí. Nínú èésú, ìwé wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí oṣù yìí kò bá kàn mí, mo mọ èyí tó kàn mí. Nínú igbó, ta ló ń kọ ọ́? Ẹni tó ń yà lójoojúmọ́ lè máa yà títí igbó yóò fi tì, kí ẹni tí kò mọ ojú sì máa gbé ẹyẹ lọ. Àtakò tó lágbára ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Elinor Ostrom, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, lọ́dún 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ohun àjùmọ̀ní: pápá ìjẹko lórí òkè ní Switzerland, omi ìbomirinko ní Spain. Ó rí i pé wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ láìsí ọba tó ń pàṣẹ, láìpín in fún olúkúlùkù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ara wọn, kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn, kí ẹni tó bá rú òfin sì jìyà díẹ̀, kí ìyà náà máa pọ̀ sí i.

Ohun tó ń yọ lọ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tòlótòló gan-an nìyẹn. Nígbà kan, ẹni tó bá já lu èkejì rẹ̀ yóò tún pàdé rẹ̀ nílé ìtajà, yóò pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí, máàpù gbogbo géètì wà lórí fóònù, fídíò àwọn tó ń rin ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn láti pa ẹyẹ sì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́wàá, tó ní ọjọ́ méjì péré, kò ní pàdé ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Sunday. Èmi kò rò pé ó burú ju àwọn ará ìlú lọ. Ojú tó yẹ kó tì í ni kò sí nítòsí. Iye ẹyẹ tó wà nínú igbó Missouri tún ti dín kù sí ti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, èyí sì ń mú kí ọwọ́ àwọn ènìyàn le sí i.

Síbẹ̀, bí ọmọ mi bá bi mí, n ó ní kó yà. N kò ní ṣèlérí fún un pé ẹnì kan yóò san án padà. Ẹni tó wà nínú igbó ti jí, ó ti rìn, ó ti jókòó sínú òtútù, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni; èyí nìkan ti tó ìdí. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọmọ mi ló wà nínú igbó náà, tí ẹlòmíràn já lù ú, n ó ní kó fi ohùn ènìyàn kígbe, kó yọ ọta kúrò nínú ìbọn, kó dìde, kó sì máa bọ̀ nílé, kódà bí akọ náà bá ń ké lọ́wọ́.

Ní àwọn igbó kan, ìjọba ti ń ṣẹ́ gègé. Wọn á ka iye ọdẹ tí ibẹ̀ lè gbà, ẹni tí gègé bá mú ni yóò wọlé lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó kù á dúró de ìgbà mìíràn. Mo fara mọ́ ọn fún àwọn igbó kéékèèké tí èrò ti pọ̀ jù. Ó dà bí ìwé èésú: ó ń sọ ẹni tó kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ náà kò ní gègé, owó tí wọn yóò fi máa ṣọ́ éékà mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kò sì sí. Níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tí iná mọ́tò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn sára mọ́tò ẹlòmíràn láago márùn-ún àárọ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣì wà, tí géètì tó tẹ̀ lé e sì wà ní máìlì mẹ́fà síbẹ̀, tí ilẹ̀ sì ti fẹ́ mọ́.